Iṣẹ́ Fáfúnwá tí ẹ wọ́gi lé: lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́

Sí Dókítà Túnjí Aláùsá, Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, àti sí gbogbo ẹ̀yin kọmíṣánnà tí ẹ jọ jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo fẹ́ tètè bọ́ sórí ohun tó gbé mi kọ̀wé, nítorí ọwọ́ yín dí, èmi náà sì ní ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ 61 nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ máàkì kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó pé ọdún 15 géérégé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlíù Bàbátúndé Fáfúnwá, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ tó jà fún fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ, papò dà ní Àbújá, lẹ́ni ọdún 87. Mo tan rédíò láàárọ̀, mo tún tan án lálẹ́, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. N kò bínú. Àwa olùkọ́ kì í retí pé kí ìlú rántí olùkọ́. Àmọ́ kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn ọjọ́ náà tí ìgbìmọ̀ yín ṣe ìpàdé kọkàndínláàádọ́rin rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Nígbà tó sì di ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, Ọ̀gá Mínísítà dìde ní Àbújá, wọ́n kéde pé a ti wọ́gi lé ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, èyí tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní kíláàsì mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ ọmọ. Níbi àpérò tí British Council pè ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Ṣé kò kúkú sí gbọ̀ngàn mìíràn ní Àbújá ni?

Àkúrẹ́, níbi tí ìyá ọmọ ti ń fi Yorùbá pe ọmọ jáde nínú orun, ni wọ́n ti fi ẹnu kò pé Yorùbá kò yẹ ní kíláàsì. Bí ìjọba ṣe ṣe ìrántí Fáfúnwá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí èmi náà ṣe tèmi, kí n sì to ẹ̀sùn mi lẹ́sẹẹsẹ.

1. Ẹ wọ́gi lé iṣẹ́ tí ẹ kò dárúkọ

Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí mọ Fáfúnwá. Ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, tó jáde ní 1974, wà lára ohun tí wọ́n fi mú wa wọ iṣẹ́. Ẹ̀dà tí mo rà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan tó ń jáde lọ kò ní ẹ̀yìn mọ́, ewé mẹ́ta sì ti já sọnù nínú rẹ̀. Síbẹ̀ inú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i kà pé kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa ti ní ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ: bí ara rẹ̀ yóò ṣe le, bí yóò ṣe mọ àgbà lágbà, bí yóò ṣe mọṣẹ́, bí yóò ṣe ronú, bí yóò ṣe mọ tẹbí-tará. Kò kọ ọ́ bí ẹni ń pa àlọ́. Ó tò ó bí ètò ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ lè gbé wọ kíláàsì lọ́la.

Ọmọ Èkó ni Bàbá. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Ó ka ìwé girama ní CMS Grammar School, ó ré kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ní New York University ní 1955, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Nsukka ló ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ wa nínú iṣẹ́ yẹn. Ogun abẹ́lé ló gbé e wá sí Ilé-Ifẹ̀. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn rẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tó fi gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń dùn lẹ́nu rẹ̀ ló wá sọ pé Yorùbá ni kí a fi kọ́ ọmọ Yorùbá. Ẹ kò lè sọ pé ìkùnà ló ń bá a jà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, oṣù tí ogun abẹ́lé parí gan-an, iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́. Yunifásítì Ifẹ̀ ló dá a sílẹ̀, Ford Foundation fi owó ràn án lọ́wọ́, Fáfúnwá ló ṣíwájú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan wà nínú rẹ̀, ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà ti wá. Ohun tí wọ́n ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé. Wọ́n mú àwọn ọmọ kan, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì, ní ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó dá dúró bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó gbọ́ ọ yékéyéké ló sì ń kọ́ ọ. Wọ́n mú àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n ó máa fi wọ́n wé. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ìwọ̀nyí fún ọdún mẹ́ta, láti kíláàsì kẹrin wọ́n yí wọn sí Gẹ̀ẹ́sì bí gbogbo ilé ìwé yòókù ti ń ṣe.

Ìwé kò sí nílẹ̀ tó. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ìwé. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò ti sí, wọ́n wá ọ̀rọ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ lójoojúmọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà lára ènìyàn, nítorí láti wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn lè fi ọ̀sẹ̀ kan ronú. Nígbà tó yá, wọ́n mú iṣẹ́ náà kúrò ní ilé ìwé kan lọ sí àwọn ilé ìwé mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé orí ire ni Mọdákẹ́kẹ́ ní.

Èsì rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n tún ta wọ́n yọ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, mo ní.

Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kan ti takò ó. Wọ́n ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàtàkì tí wọ́n fún àwọn ọmọ náà ló jẹ́ kí wọ́n mókè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àtakò yẹn ń sọ lábẹ́lẹ̀: pé olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dunjú, tó kọ́ ọmọ fún ìwọ̀nba àkókò lóòjọ́, sàn ju olùkọ́ tí kò gbọ́ ọ dunjú lọ, tó ń fi í kọ́ gbogbo iṣẹ́ láti àárọ̀ títí aago yóò fi lù. Ìwọ̀nyí tó wà lẹ́yìn ni àwa tó pọ̀ jù nínú ilé ìwé ìjọba. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. A mọ ara wa.

Nínú gbogbo àlàyé yín tí mo gbọ́ àti èyí tí mo kà, n kò rí ibi tí ẹ ti dárúkọ Mọdákẹ́kẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wó ilé, ó yẹ kó kọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn.

2. Ẹ̀rí tí ẹ gbé kalẹ̀ kò dúró

Ẹ ní ẹ̀rí ni ẹ ń bá ṣiṣẹ́, pé kì í ṣe ìmọ̀lára. Mo gbà, ọ̀rọ̀ gidi ni. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ ì bá gbà. Ẹ̀rí tí ẹ wá mú jáde ni pé àwọn ọmọ ń kùnà nínú WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn ẹkùn kan, pé àwọn ẹkùn yẹn gan-an ló lo èdè abínibí jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀, ìṣirò kíláàsì kẹrin ni. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà náà. Mínísítà ìgbà náà, Adamu Adamu, sọ lọ́jọ́ náà pé yóò gba ọdún mẹ́ta kí ìwé tó wà, kí olùkọ́ tó wà, kí iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni ẹ wọ́gi lé e. Ó ku ọjọ́ 18 kí ọdún mẹ́ta náà pé.

Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 wọ kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà èdè náà, ó ti wà ní SS1. Kíláàsì mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ìlànà náà ń sọ ti di ìtàn fún un. Ọmọ àkọ́kọ́ tí a lè fi dán ìlànà yẹn wò ni èyí tó wọ kíláàsì kìíní ní 2023, ọmọ náà kò sì ní jókòó ṣe WAEC títí di 2035. Èsì ìdánwò ta ni ẹ wá ń kà?

Bí ẹ bá ní kì í ṣe ìlànà 2022 ni ẹ ń bá wí, pé ti àtijọ́ ni, èyí tó wà nínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ láti 1977 pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ìbéèrè mi kò yí padà. Ilé ìwé wo ló tẹ̀lé e? Ẹ ka orúkọ wọn. Ìwé wo ni wọ́n lò? Olùkọ́ wo ni wọ́n kọ́ láti kọ́ ìṣirò ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò? Ohun tí èmi rí láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì wà lára pátákó, Yorùbá wà lẹ́nu olùkọ́ nígbà tí ọmọ kò bá gbọ́, ìwé inú ọwọ́ ọmọ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí. Jíjà fitafita lásán ni.

Ọdún tí ẹ fi ṣe ẹ̀rí náà ń kọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, JAMB fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àṣìṣe ẹ̀rọ ba èsì ọmọ 379,997 jẹ́ ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ígbò, wọ́n sì ní kí wọ́n padà wá jókòó ṣe ìdánwò. Ní oṣù kẹjọ, WAEC kéde pé àwọn tó yege nínú iṣẹ́ márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀, jẹ́ 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ìlú figbe ta. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn ṣìṣe, iye náà sì fò di 62.96. Èdè Yorùbá kọ́ ló wọ inú kọ̀ǹpútà wọn lọ.

Ìpinnu yín kò tilẹ̀ tuntun. Ní 1882, òfin ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe gbé Gẹ̀ẹ́sì sórí, kò sì ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún kíkọ́ èdè ilẹ̀ wa. Ní àwọn ọdún 1920, ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes wá láti Amẹ́ríkà, ó yí ilẹ̀ Áfíríkà ká, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pé kò bá ìgbé ayé ọmọ mu. UNESCO sọ irú rẹ̀ ní 1953. Àwọn amúnisìn pàápàá ti fi 1882 sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

3. Oògùn tí aláìsàn kò lò

Dókítà ni yín, Ọ̀gá Mínísítà, oníṣègùn kíndìnrín ni mo gbọ́ pé ẹ jẹ́. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn wá bá yín, tí ara rẹ̀ kò yá, tí ẹ sì bá páálí oògùn tí wọ́n kọ fún un lábẹ́ ìrọ̀rí, tí kò tíì já a, ṣé ẹ ó kọ sínú fáìlì rẹ̀ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́? Ṣé ẹ ó tún ní kí wọ́n má ta á mọ́ ní gbogbo Nàìjíríà?

N kò ní fa èyí gùn. Ẹ gbọ́ ọ.

4. Ohun tí mo rí ní kíláàsì mi

Kì í ṣe ìwádìí yunifásítì ni mo fẹ́ sọ níbí. Ẹyọ kan ni, ẹ gbà á bí ẹyọ kan.

Mo ń kọ́ kíláàsì kẹrin bí omi ṣe ń gbẹ. Mo kọ ọ́ sára pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì, a kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n ń wò mí. Ìyá ọmọkùnrin kan nínú wọn ń pa aró. Mo yí i sí Yorùbá, mo bi í pé: ìgbà wo ni àdìrẹ ìyá rẹ tètè ń gbẹ? Ó ní ìgbà ọyẹ́. Mo ní kí ló dé? Ó ní nítorí oòrùn. Ọmọbìnrin kan, tí kì í sọ̀rọ̀, tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nàka. Ó ní, “Tíṣà, irọ́ ni. Nígbà ọyẹ́, oòrùn kì í mú tó ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kù. Ojú ọ̀run a máa rí bíi kùrukùru. Atẹ́gùn ló ń fa omi, ó ti gbẹ lára òun fúnra rẹ̀, ó wá ń wá omi mu.” Òmíràn ní bí ó ti ń fa omi lára ètè wa náà nìyẹn tí ètè fi ń là. Kíláàsì dàrú. Wọ́n ń já ara wọn ní koro, wọ́n ń mú ẹ̀rí wá láti ilé, láti ẹ̀gbẹ́ kànga, láti ibi tí ìyá àgbà ń sá ẹ̀lùbọ́ sí. N kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni.

Ẹni tó wá bẹ̀ wá wò láti ọ́fíìsì yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní èdè wo nìyẹn? Gbogbo wa dákẹ́.

Nígbà tí ìdánwò sáà dé, mo wá ìwé ọmọbìnrin yẹn. Ìbéèrè kejì ni: ṣàlàyé bí omi ṣe ń gbẹ. Ó kọ ìlà kan àbọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó pa á rẹ́, ó kọ òmíràn, ó fi sílẹ̀ láìparí. Méjì nínú mẹ́wàá ni mo fún un, nítorí ìwé ìtọ́ni tí wọ́n fún mi kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó jiyàn pẹ̀lú mi lórí oòrùn àti atẹ́gùn, tó sì borí, ni mo fún ní méjì. Nínú ìṣirò yín ní Àbújá, ó ti wọ iye àwọn tó kùnà.

Fáfúnwá ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí èmi pàápàá: ọmọ tó ti fi ọdún márùn-ún, mẹ́fà ronú ní èdè ìyá rẹ̀, tí ilé ìwé wá já èdè náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ilé ìwé ti já ohun tó fi ń ronú gbà nìyẹn.

5. Àwíjàre pé èdè pọ̀ jù

A ní èdè tó lé ní 500, òótọ́ ni. Kíláàsì kan ní Èkó lè ní ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ígbò, ọmọ Ègùn àti ọmọ Ìjọ̀. Ó nira, n kò sọ pé kò nira. Àmọ́ ọ̀pọ̀ kíláàsì ní Nàìjíríà kò rí bí kíláàsì Èkó. Ní abúlé tí mo ti ń kọ́ni, èdè kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ 61 náà ń sọ, èmi náà ń sọ ọ́, ọ̀gá ilé ìwé ń sọ ọ́. Àwa mélòó ló wà bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tí ẹ fi ìṣòro Aguda àti Ajégúnlẹ̀ ṣe òfin fún wa?

Láti ọdún 1970 kan náà tí Mọdákẹ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni Kay Williamson àti Otonti Nduka ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé kíkà fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ Rivers, ní nǹkan bí ogún èdè, tí púpọ̀ nínú wọn kò ní àkọtọ́ tẹ́lẹ̀. Wọn kò sọ pé èdè pọ̀ jù. Tanzania ń fi Swahili kọ́ ọmọ títí ó fi parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

6. Ẹ̀bi tiwa, àti ti Bàbá

Bí mo bá da gbogbo ẹ̀bi lé ìjọba lórí, mo purọ́. Àwa òbí ló ń san owó gọbọi fún ilé ìwé aládàáni tó ń kọ orúkọ ọmọ tó bá sọ vernacular sílẹ̀, tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lóbìnrin, tó gbọ́ Yorùbá ju mi lọ, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó dára. Mo bá a wí, ó ní kí n lọ wo bí ayé ṣe ń lọ. Bí ẹ̀yin Mínísítà ṣe wọ́gi lé èdè náà ní Àbújá, a ti ń wọ́gi lé e ní pálọ̀ tipẹ́.

Bàbá fúnra rẹ̀ ń kọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń bá a jà lọ́kàn mi. Ó jẹ Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992. Àga tí ẹ jókòó sí lónìí, ó ti jókòó lé e rí. Èsì Mọdákẹ́kẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí iṣẹ́ náà kò fi di ti gbogbo orílẹ̀-èdè nígbà yẹn? Ìjọba ológun ni, owó kò sí, àwọn olùkọ́ yunifásítì ń daṣẹ́ sílẹ̀, mo mọ gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀ ó dùn mí. Àǹfààní kan ló bọ́ lọ́wọ́ wa níbẹ̀, bí a kò bá sì sọ ọ́, ìrántí tí à ń ṣe di ìwúre lásán.

Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwé ní Òjòdú l'Ékòó. Orúkọ wà lára ògiri, ohun tó sọ kò gbọdọ̀ wọ inú kíláàsì.

7. Ohun tí mo ń béèrè

Èkínní, ẹ gbé ẹ̀rí náà síta. Gbogbo rẹ̀. Orúkọ ilé ìwé, ìpínlẹ̀, iye ọdún tí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ni, irú ìwé tí wọ́n lò, iye olùkọ́ tó wà fún iye ọmọ, àti ilé ìwé tí ẹ fi wọ́n wé. Fáfúnwá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé tiwọn jáde ní ìwé ní 1989, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á kó sì takò ó. Oṣù mẹ́ta tó fún yín láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì, títí dìgbà tí ẹ̀rí náà yóò fi jáde, ẹ dá ìlànà náà padà síbi tó wà. Bí ẹ kò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìyà jẹ olùkọ́ tàbí ọmọ tó bá fi èdè rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kó yé e. Èyí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ tún Mọdákẹ́kẹ́ ṣe. Ẹ mú ilé ìwé díẹ̀ ní ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ fún wọn ní ìwé àti olùkọ́ tó yẹ, ẹ fún ọ̀wọ́ méjèèjì ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan náà kí àtakò àtijọ́ má baà tún yọjú, kí ẹ sì ní sùúrù ọdún mẹ́fà. Bí èdè abínibí bá kùnà nínú rẹ̀, èmi gan-an yóò kọ lẹ́tà ṣíṣí mìíràn láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀kẹrin, ìwé àwọn ọmọ Mọdákẹ́kẹ́. Mo ti wá wọn kiri. Ẹ bá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ọ́, kí wọ́n ya gbogbo ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ti ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀, kí olùkọ́ tó wà ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin lè tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Bí ìrántí kan bá wà tí inú Bàbá yóò dùn sí, mo rò pé èyí ni, ju ère tí wọ́n lè gbẹ́ fún un lọ.

Èyí tó kù kì í ṣe ti Mínísítà. Ẹ̀yin kọmíṣánnà láti Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó, Èkìtì àti Kwara, ẹ̀yin ni mo dojú kọ. Lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè yìí, ọwọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà. Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2018 láti dáàbò bo èdè Yorùbá ní ilé ìwé. Ẹ jókòó ní Àkúrẹ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì tíì gbọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín tó jáde wá sọ pé òun kò fara mọ́ ọn. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn ni? Ẹ sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá.

N kò kọ orúkọ mi sísàlẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, n kò sì fẹ́ gba kúẹ́rì. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, orí omi ni a tún wà, bí òjò ṣe ń ṣú tó sì ń rọ̀. Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ti wà ní kíláàsì karùn-ún báyìí, àmọ́ àbúrò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, òun náà fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ẹni tó ń wá bẹ̀ wá wò yóò dé lọ́jọ́bọ̀. Èdè wo ni kí n fi dá ọmọ náà lóhùn?

Èmi ni,
Olùkọ́ kíláàsì kẹrin,
ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.